Ikọ́ Iwin

Èmi kọ́ ni iwin náà. Ẹ má wá ojú mi nínú fídíò.
Èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn òpó,
èmi Sukarji, ọlọ́kadà abúlé wa
ní ẹsẹ̀ Òkè Sumbing, níbi tí tábà ti ń gbẹ
tí gbogbo aṣọ wa fi ń rùn bí àpò baba arúgbó.

Màmá Lasminah ni iwin wa.
Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wà lọ́rùn rẹ̀,
nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló fi ṣe aṣọ funfun,
ìyẹ̀fun ìrẹsì ló fi kun ojú.
Láàárọ̀, ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́ ewé tábà
wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí irun ọmọ tuntun.
Lálẹ́, Jatmiko ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbé fóònù sórí àgbá,
á ní, "Ìyá àgbà, ẹ rẹ́rìn-ín."
Màmá á rẹ́rìn-ín tí ajá á fi sá wọ abẹ́ ibùsùn.

Fídíò mọ́kànlá la ṣe tí ẹnikẹ́ni kò wò
àfi àwa, àti àbúrò Jatmiko ní Surabaya,
òun náà á ti sùn kó tó parí.
Ìkejìlá ni ikọ́ dé.
Ó já sáàárín ẹ̀rín: kí-kí-kí, hùú! hùú!
Iwin di àyà mú. Iwin wá nǹkan fẹ̀yìn tì.
Iwin ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi."
Jatmiko ní òun yóò gé e kúrò. Oorun gbé e lọ, kò gé e.

Mo gbé èrò lọ sí Temanggung, mo gbé èrò bọ̀,
ikọ́ ti dé Bùràsíìlì.
Ikọ́ di ikọ̀, kò gba ìwé ìrìnnà.
Ní Tọ́kì, ọmọge kan fi aṣọ tábìlì borí,
ó ń húkọ́ níwájú ìyá rẹ̀.
Wọn ò gbọ́ èdè Jáfà, wọn ò mọ Sumbing,
ṣùgbọ́n wọ́n mọ "Ẹ jọ̀ọ́, omi." Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù.

Àwa tó jẹ́ pé fíìmù ẹlòmíràn la wò dàgbà,
tí a mọ orúkọ òpópónà tí ẹsẹ̀ wa ò tẹ̀ rí,
a yí fóònù ká, a ń wo bí wọ́n ṣe ń sín wa jẹ.
Mi ò ní purọ́, orí mi wú.
Àmọ́ ògiri kan ló la ilé mi àti tiwọn.
Mo mọ ikọ́ yẹn. Kì í ṣe ti eré.
Ọdún mẹ́ta ló ti ń jí mi ní aago mẹ́rin òru.
Eruku tábà ló bí i, ọ̀bẹ ló wò ó dàgbà.

Nígbà tí owó fídíò wọlé, Jatmiko fẹ́ ra kámẹ́rà.
Mi ò bi í. Mo gbé Màmá sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọsibítù.
Oògùn oṣù mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ rẹ́ tábà mọ́.
Ọmọ náà sunkún, ó sanwó.
Kámẹ́rà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní báyìí, ara iwin wa ti yá.
Ẹ̀rín rẹ̀ já gaara bí omi orí àpáta,
ayé sì ń bínú: "Ikọ́ wa dà? Ẹ dá a padà!"
Ikọ́ wa! Màmá ní kí wọ́n wá gbé e,
ó ṣì kù díẹ̀ nínú yàrá.
Lánàá ó gbìyànjú, ó fi ọ̀fun ṣe é,
ó dà bí adìyẹ tó gbé òkúta mì.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bú wa.
Ọmọge aláṣọ-tábìlì yẹn nìkan ló kọ ọ́ pé:
"Ìyá, ṣé ara ti le? Ẹ̀rù ti ń bà mí."
Jatmiko kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá tún ìyẹ̀fun ojú rẹ̀ ṣe,
ó ní kí n gbé tọ́ọ̀ṣì sókè díẹ̀,
pé ojú òun ṣókùnkùn jù,
ọmọ yẹn ò ní rí òun.